Àga Kan fún Lọ́yà Kóòtù Kékeré

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn agbẹjọ́rò ẹlẹgbẹ́ mi sọ ní Ìbàdàn nìyí, lórí àwọn tó yẹ kó jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìlànà ilé ẹjọ́. Mo yọ àwàdà tí kò ṣeé kọ sílẹ̀ kúrò, mo sì fi ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà kún un.

Ẹ̀yin àgbà iwájú wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ wa tí wíìgì yín ṣì funfun báláú, mo kí yín o. Alága ti ní kí n má pẹ́. Bí mo bá ní kí n máa ka orúkọ gbogbo ẹni tó yẹ kí n kí, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa síbí, nítorí náà ẹni tí n kò bá dárúkọ ẹ̀, kó forí jì mí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gba ẹjọ́ ilẹ̀ fún ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá náà gbọ́ kò kọjá "gúdù mọ́nìn". Gbogbo yín lẹ mọ ohun tí ìlànà ilé ẹjọ́ gíga wa ń bèèrè: ọjọ́ tí èèyàn bá lọ fi ìwé ìpẹ̀jọ́ sílẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí àwọn ẹlẹ́rìí ẹ̀, tí wọ́n ti búra sí, tì í lẹ́yìn. Mo jókòó ti ìyá, mo fi Yorùbá bi í léèrè, ó fi Yorùbá dá mi lóhùn. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, akọ̀wé kóòtù túmọ̀ ẹ̀ fún un, ìyá tẹ̀ka. Ọjọ́ pé, ìyá bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Lọ́yà kejì dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí?" Ìyá ní, "Èmi kẹ̀? Èmi ò mọ̀wé o. Lọ́yà mi ló kọ ọ́."

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí adájọ́ náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la wá fi nǹkan bíi wákàtí kan jiyàn: ṣé ti Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kó wà níwájú ilé ẹjọ́ ni, àbí Yorùbá tí ìyá fẹnu ara ẹ̀ sọ, àbí méjèèjì pa pọ̀? Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó dárúkọ ilẹ̀ tí ìyá torí ẹ̀ wá.

Bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ sílé, ohun kan ló ń jà lọ́kàn mi. Àwọn wo ló jókòó yí tábìlì ká lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ìlànà yìí, tí kò fi sẹ́ni tó rántí pé ìyá elélùbọ́ náà máa wá sí kóòtù?

Ìlànà ọ̀hún kì í ṣe ọmọ ilé wa. Èkó ló gbé e wọlé ní ọdún 2004, nígbà tí Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò jẹ́ kọmíṣọ́nà fún ètò ìdájọ́ níbẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ń tẹ̀ lé e. N kò bá wọn jà nítorí ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀yin àgbà rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Èèyàn á fi ìwé pélébé pẹjọ́, á fi ẹ̀rí ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ agbádá, ẹjọ́ á sì máa fà títí olùpẹjọ́ á fi kú tí ọmọ ẹ̀ á fi jogún ẹjọ́ náà bí ẹni jogún oko kòkó. Èkó wá ní kí kálukú tú ẹrù ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹ̀sùn, orúkọ ẹlẹ́rìí, ẹ̀rí ìbúra, ẹ̀dà gbogbo ìwé tí wọ́n fẹ́ lò. Kí ìgbẹ́jọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, tọ̀tún tòsì á kọ́kọ́ jókòó níwájú adájọ́ láti wo ohun tó ṣeé parí níbẹ̀, oṣù mẹ́ta sì ni wọ́n fún ìjókòó yẹn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rí àwòkọ́ṣe. Adájọ́ kan tó ń jẹ́ Lord Woolf parí ìwádìí ẹ̀ lórí bí ẹjọ́ ṣe ń pẹ́ tó sì ń wọ́n níbẹ̀ ní ọdún 1996, ìlànà tuntun tó ti ibẹ̀ jáde sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1999. Kódà wọ́n yí orúkọ padà. Ẹni tí gbogbo lọ́yà ń pè ní plaintiff láti ayébáyé di claimant ní London, láìpẹ́ ó di claimant ní Ìkẹjà náà. A kó ìlànà wọn dé, a kó ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ dé, àga tí wọ́n jókòó lé lórí kọ ọ́ la gbàgbé sọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àga yẹn, nítorí òun gan-an ló gbé mi wá síbí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan ní ọdún 1997 tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa kọ ìlànà ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, wọ́n sì ka àga inú ìgbìmọ̀ náà sínú òfin. Àwọn adájọ́ wà níbẹ̀, láti orí àgbà dé orí adájọ́ kóòtù àdúgbò. Lọ́yà mẹ́ta tó ń dìde sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ ní àga. Lọ́yà mẹ́ta mìíràn, àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì bá oníbàárà sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń to ìwé ẹjọ́, ní àga tiwọn. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: òfin ní, nínú mẹ́ta ti àkọ́kọ́, ó kéré tán ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ kóòtù kékeré dunjú, kóòtù tí wọ́n ti ń du gbèsè àti owó ilé. Nínú mẹ́ta ti ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà. Ẹ ò lè fi àgbà amòfin mẹ́fà tí kò dé ilé ẹjọ́ kékeré láti ọdún gbọ́nhan kún àga mẹ́fà yẹn. Òfin ò gbà fún yín. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, èèyàn méjì tún wà níbẹ̀ nítorí pé wọ́n mọ̀ nípa gbígba mẹ̀kúnnù nímọ̀ràn tàbí nípa ìyà tó ń jẹ oníbàárà lọ́jà. A kò sì yàn wọ́n nítorí pé wọ́n jẹ́ lọ́yà.

Òfin náà tún sọ ohun tí ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ fojú sí: kí ìdájọ́ wà ní àrọ́wọ́tó, kó tọ́, kó yá, kí ìlànà fúnra ẹ̀ rọrùn, kí wọ́n sì kọ ọ́ lọ́nà tó rọrùn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe yà á sọ́tọ̀. Nǹkan lè rọrùn kí lọ́yà sì kọ ọ́ bí ẹni ń pọfọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ yìí kì í tú ká. Ó ń pàdé léraléra lọ́dún. Bí àga bá ṣófo, wọ́n á kéde ẹ̀ ní gbangba, wọ́n á sọ irú lọ́yà tí wọ́n ń wá, ẹni tó bá wù á kọ̀wé wá. Wọn kì í san owó iṣẹ́ fún un, owó ọkọ̀ ni wọ́n ń dá padà. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń kọ̀wé.

Ẹ padà sórí ìyá elélùbọ́. Ní London, àwọn Pólándì, àwọn Pọtogí, àwọn ará Sòmálíà, àti àwa náà, la pọ̀ nínú kóòtù, wàhálà ìyá mi sì bá wọn lọ́hùn-ún. Láti ọdún 2020, ìtọ́sọ́nà tó so mọ́ ìlànà wọn ti sọ ọ́ gbangba pé èdè ẹlẹ́rìí fúnra ẹ̀ ni kí wọ́n fi kọ ẹ̀rí ẹ̀, kí wọ́n tó wá túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbọ́ o. Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí oníYorùbá kọ ẹ̀rí ẹ̀ ní Yorùbá. Àwa tí a ni Yorùbá ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀ nílé wa.

Báwo wá ni tiwa ṣe rí? Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 274, fi agbára láti kọ ìlànà ilé ẹjọ́ gíga lé Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, bí òfin tí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe kò bá ti dí i lọ́wọ́. Abala 254 ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀, abala 236 ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ ò ní rí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ nínú abala yẹn, ẹ ò ní rí àga, ẹ ò ní rí lọ́yà kóòtù kékeré. Mi ò sọ pé àwọn Adájọ́ Àgbà wa ń dá a kọ o. Ọgbọ́n wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń pe ìgbìmọ̀ jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wù wọ́n ni wọ́n ń pè, ìgbà tó wù wọ́n ni, bí iṣẹ́ bá sì parí, kálukú a gba ilé ẹ̀ lọ. Èkó tó ń sáré jù wá lọ tún tiẹ̀ ṣe ní ọdún 2004, ó tún un ṣe ní 2012, ó tún un ṣe ní 2019. Ọdún mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ọdún méje. Bí ìlànà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìyá elélùbọ́ lọ́rùn ní oṣù kejì tó jáde, ọdún mélòó ni yóò fi mí gúlegúle kí ẹnì kan tó dẹ okùn náà?

Kì í sì í ṣe pé kò ṣeé yára ṣe. Ní ọdún 2020 tí kòrónà ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni Èkó ti gbé ìtọ́sọ́nà jáde pé a lè gbọ́ ẹjọ́ lórí fídíò.

Mo ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, nítorí náà ara mi ni mo fẹ́ bá wí báyìí. Mi ò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n pè mí; ọ̀gá mi àtijọ́ ló fi orúkọ mi sílẹ̀. Ìwé tí a fẹ́ jíròrò dé ọwọ́ mi nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ó nípọn tó búrẹ́dì. Nígbà tí mo débẹ̀, mo wo ojú gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì: àgbà ni wọ́n, ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, èèyàn rere sì ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ ló ń bá wọn fi ìwé sílẹ̀ ní kóòtù. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti dúró níwájú fèrèsé akọ̀wé kóòtù, tí akọ̀wé ń sọ fún un pé kò sí iná, kó padà wá lọ́la.

A dé orí owó ìtanràn tí lọ́yà tó bá pẹ́ kó tó fèsì yóò máa san lójoojúmọ́. Ẹnì kan ní ká gbé e sókè kó lè dun èèyàn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa san án? Lọ́yà ni, àbí oníbàárà?" Ilé pa rọ́rọ́. Àgbà kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí ti ń bá oníbàárà gbé jù. Wọ́n ní ká lọ mu tíì. Nígbà tí a fi máa dé, a ti kọjá ibẹ̀, a wà lórí ìwọ̀n bébà. Èmi náà sì fọwọ́ sí ìwé náà nírọ̀lẹ́. Mi ò tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde. Àlejò ni mo ka ara mi sí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ojú rere pè kì í bá onílé jà. Bí ó bá jẹ́ pé òfin ló fún mi ní àga yẹn, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nítorí àwọn oníbàárà kóòtù kékeré ni mo ṣe wà níbẹ̀, mo rò pé ǹ bá má dìde lọ mu tíì.

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ ìlànà kò tó nǹkan, pé òfin gan-an ló ṣe pàtàkì. Ẹ bi ẹni tí wọ́n tì mọ́ àgọ́ ọlọ́pàá kí ọdún 2009 tó dé. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ wà nínú òfin ilẹ̀ wa pátápátá. Ṣùgbọ́n ìlànà ọdún 1979 ní kó kọ́kọ́ wá gba ìyọ̀ǹda kí ó tó lè pẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ náà, bí oṣù méjìlá bá sì kọjá, ilẹ̀kùn lè tì mọ́ ọn lójú. Ọgbọ̀n ọdún la fi ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2009, ìlànà tuntun tí Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ wa nígbà náà, Idris Legbo Kutigi, fọwọ́ sí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ìyọ̀ǹda gbígbà mọ́, kò sí pé àkókò ti kọjá mọ́. Ó tún sọ pé kí wọ́n má ṣe torí pé ọ̀rọ̀ kò kan ẹni tó pẹjọ́ ní tààrà lé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dànù, tó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá ti ọmọ aládùúgbò mi mọ́lé, èmi lè lọ. Kò sí lẹ́tà kan tó yí padà nínú ẹ̀tọ́ náà fúnra ẹ̀. Ìlànà nìkan ni wọ́n tún kọ, àwọn kan sì sùn sílé.

Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ìwé kóòtù, tó ń fi hàn pé lọ́yà gidi ló kọ ọ́, ńkọ́? Ìlànà ìwà lọ́yà ti ọdún 2007 ló bí i. Àwọn tí òfin fún láṣẹ láti kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lọ́yà, tí Mínísítà Ìdájọ́ jẹ́ ààrẹ ẹ̀, tí àwọn kọmíṣọ́nà ìdájọ́ ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú èèyàn 20 láti inú ẹgbẹ́ wa. Lọ́yà bíi tiwa, ogún! Ẹni tó bá lè dárúkọ méjì nínú wọn kó nawọ́ sókè. (Ọwọ́ kan ló lọ sókè, ó sì tún padà wálẹ̀.) Títí tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní ọdún 2015 pé ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ kò kú, pé ó ṣeé tún ṣe, ẹ mọ iye ìwé tí ẹ ti sáré kiri lé lórí.

Ó dára. Báwo la ṣe máa rí àwọn tó máa jókòó?

Àkọ́kọ́ ni pé kí a jáwọ́ nínú ìpè alẹ́. Lẹ́tà ìkéde ni kó jáde, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo kóòtù, títí kan ti Ṣakí àti ti Ìgbòho, kí wọ́n sì fi í sórí Whatsapp ẹgbẹ́. Kí lẹ́tà náà sọ òótọ́: ìpàdé mélòó lọ́dún, ojú ìwé mélòó ni èèyàn máa kà kí ìpàdé tó dé, ọdún mélòó ni yóò lò. Ọdún mẹ́ta tó fún mi. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí gbogbo wọn kúrò lọ́jọ́ kan náà, kí ẹni tó mọ̀nà lè mú àlejò lọ́wọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí lẹ́tà sọ irú ìrírí tí a ń wá. "A ń wá lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ onílé àti ayálégbé." "A ń wá lọ́yà tí kò tíì ju ọdún méje lọ lẹ́nu iṣẹ́." "A ń wá lọ́yà tí kò gbé Ìbàdàn." Bí ẹ bá kàn kọ "a ń wá ẹni tó kún ojú òṣùwọ̀n", SAN, àgbà amòfin tó ti gba oyè, nìkan ló máa rò pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ọ̀pọ̀ yín á ní kò sáyè. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Christopher Sápará Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó di lọ́yà ní ọdún 1879, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn kò pọ̀, oníbàárà á sì ti kún ilé ẹ̀. Síbẹ̀ láti 1901 ló ti ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó láàárín àwọn òyìnbó.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọ́fíìsì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀ jù. Ọmọ tó mọ ìlànà yìí jù ní ọ́fíìsì yín ni èyí tó ń gun ọ̀kadà lọ fi ìwé sílẹ̀. Ó mọ iye ẹ̀dà tí akọ̀wé ń gbà, ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń dá ìwé padà. Bí ẹ kò bá fún un láyè, àga tí a bá yà sọ́tọ̀ fún un yóò ṣófo, wọ́n á sì tún fi àgbà kún un.

Mo sì fẹ́ kí a ya àga kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe lọ́yà: bélífù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ fún èèyàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìlànà ní kó fi ìwé jíṣẹ́ ní ojúlé olùjẹ́jọ́. Ojúlé wo? Àdírẹ́sì tí ẹ̀yin fúnra yín ń kọ ni "ilé Àlàájì, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, nítòsí Ìyá Oníyán". Mọ́ṣáláṣí mẹ́rin ló wà ní àdúgbò náà, Àlàájì sì pọ̀ ju mọ́ṣáláṣí lọ. Bélífù nìkan ló lè sọ fún ìgbìmọ̀ bí ìwé ṣe ń dé ọwọ́ èèyàn ní ìlú tí ilé kò ní nọ́ńbà.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ náà ńkọ́? Kó ṣí sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1934 ló fún ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ lágbára láti kọ ìlànà ẹjọ́ fún àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀, ìlànà ọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ ní 1938. Ó di ọdún 1988 kí òfin tó sọ pé kí ìpàdé àwọn ìgbìmọ̀ tó ń tún un ṣe wà ní gbangba. Àádọ́ta ọdún ló gba àwọn náà, nítorí náà mi ò sọ pé kó jẹ́ ọ̀la.

Abala 274 fúnra ẹ̀ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe òfin kúkúrú kan tó ní kí Adájọ́ Àgbà kọ́kọ́ gbọ́ ti ìgbìmọ̀ kó tó kọ ìlànà, tó sì ka àga inú ìgbìmọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbára ṣì wà lọ́wọ́ Adájọ́ Àgbà. A kàn ń ya àga ni.

Mo dúpẹ́. Ẹ bi mí ní ìbéèrè.

Ìbéèrè kìíní wá láti ẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin kan: "Mà, bí mo bá bá adájọ́ jiyàn nínú ìgbìmọ̀ lónìí, tí ẹjọ́ mi sì wà níwájú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" Mo ní ẹ̀rù yẹn ló mú èmi náà lọ mu tíì. Ohun tó lè dín in kù ni kí ọdún tó máa lò níbẹ̀ wà nínú òfin, kí ẹnikẹ́ni má lè yọ ọ́ nítorí ohun tó sọ, kí ó sì jẹ́ orúkọ ìgbìmọ̀ ni ìpinnu yóò máa fi jáde. Mo tún sọ fún un pé àwọn adájọ́ tó fẹ́ gbọ́ àríyànjiyàn pọ̀ ju bí ó ṣe rò lọ. Àwa lọ́yà la máa ń gbá ọ̀rọ̀ mì kí wọ́n tó ní ká gbá a mì.

Ìbéèrè kejì wá láti ẹ̀yìn, láti ẹnu obìnrin kan tó ní Ṣakí lòun ti wá láàárọ̀ ọjọ́ náà: "Ta ló máa san owó mọ́tò?"

Mo ní bí ìjọba ò bá tíì ṣe tán, kí ẹgbẹ́ wa máa san án fún ẹnikẹ́ni tó bá ti òde Ìbàdàn wá, láti inú owó tí gbogbo wa ń dá lọ́dọọdún. Akápò bẹ̀rẹ̀ sí í wo fáànù òkè. Àwọn kan ń pariwo pé, "Akápò, ṣé ẹ gbọ́?" Alága ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, akọ̀wé sì bèèrè lọ́wọ́ obìnrin ará Ṣakí náà pé èló ni wọ́n gbé e dé Ìbàdàn láàárọ̀.